Eton, Harrow tàbí Radley? Ìfiwéra fún òbí tí ó fẹ́ fi ọmọkùnrin sí bọ́dìn ní Ìlú Ọba

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pátá sì ń gbé inú ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ ní Ìlú Ọba tí irú rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ ti gba obìnrin wọlé, àwọn mìíràn sì ti fàyè gba ọmọ tí ń ti ilé òbí rẹ̀ wá láràárọ̀. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá àtayébáyé, mẹ́ta ni ó ṣì di ìlànà méjèèjì mú pọ̀: Eton, Harrow àti Radley. Winchester, tí bíṣọ́ọ̀bù William of Wykeham dá sílẹ̀ ní 1382, bá wọn wà nínú ẹgbẹ́ yìí títí di 2022, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọbìnrin sí sixth form, ìyẹn ọdún méjì tí ó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á mọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n óò tún dárúkọ rẹ̀ níwájú.

Ìbéèrè tí òbí máa ń kọ́kọ́ béèrè, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń gbé Ìkòyí tàbí ẹni tí ń gbé Peckham, ni pé èwo nínú wọn ni ó dára jù. Èsì ìdánwò kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń mú ọmọ ṣe GCSE ní ọmọ ọdún 16 àti A-level ní ọmọ ọdún 18, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni ó sì ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì tí ó lórúkọ. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìgbé ayé ojoojúmọ́: ibi tí ọmọ ń sùn, àwọn tí ó ń bá jẹun, àti àgbàlagbà tí yóò kọ́kọ́ fura bí inú ọmọ náà kò bá dùn. Ọdún márùn-ún gbáko ni ọmọ tí ó bá wọlé ní ọmọ ọdún 13 yóò lò níbẹ̀. Nítorí náà, ilé ibùgbé ni mo fi ṣáájú nínú ìfiwéra yìí, mo sì gbà pé òun ni ó yẹ kí òbí gbé yẹ̀ wò kí ó tó wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọba Henry Kẹfà ni ó dá Eton sílẹ̀ ní 1440, kí 70 ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. John Lyon, àgbẹ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu dáadáa, ni ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ní 1572 láti fi dá Harrow sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀. Radley ni àbúrò wọn pátápátá. William Sewell àti Robert Singleton ni ó dá a sílẹ̀ ní 1847, orí ìlànà ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì gbé e kà láti ọjọ́ kìíní. Ó yẹ kí a fi í sọ́kàn pé ọmọ aláìní ni a torí rẹ̀ dá méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yóò tún jẹ yọ nígbà tí a bá dé orí owó.

Ilé tí ọmọ yóò gbé

Eton ni ó tóbi jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 1,340. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé ọmọ yóò sọnù sí àárín èrò, ṣùgbọ́n ilé ibùgbé 25 ni a pín wọn sí, tí ọmọ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà kò ju bí 50 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ilé kan, àwọn ọmọ tí ó jọ wọlé lọ́dún kan náà kì í ju bíi mẹ́wàá lọ, àwọn wọ̀nyẹn ni yóò sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ọ̀tá rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Àwọn 70 tí wọ́n ń pè ní King's Scholar, ìyẹn àwọn tí ó yege nínú ìdánwò pàtàkì ti ilé-ẹ̀kọ́ náà, ń gbé pọ̀ nínú ilé kan tí ó jẹ́ tiwọn. Oppidan ni wọ́n ń pe gbogbo àwọn yòókù.

Ohun tí ó ya Eton sọ́tọ̀ jù lọ ni pé láti alẹ́ ọjọ́ kìíní ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń ní yàrá tirẹ̀. Yàrá náà kì í tóbi. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, tábìlì ìkàwé wà nínú rẹ̀, ògiri sì wà tí ọmọ lè lẹ àwòrán tí ó bá wù ú mọ́. Ọmọ tí ó fẹ́ràn láti máa dá kàwé tàbí láti máa dá ronú yóò gbádùn èyí kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sùn nínú yàrá kan láti kékeré, tí kò sì tíì dá sùn rí ní ayé rẹ̀, lè rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná le ju iṣẹ́ àṣetiléwá lọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti gbọ́ kí òbí máa fi yàrá àdáni yìí yangàn bí ẹni pé àǹfààní nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwà ọmọ ni ó ń sọ bóyá àǹfààní ni.

Àgbàlagbà méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní Eton. Ọ̀kan ni House Master, olùkọ́ tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé inú ilé náà. Èkejì ni Dame, obìnrin tí ń mójú tó ìlera àwọn ọmọ, aṣọ wọn, oúnjẹ wọn àti gbogbo ohun tí ìyá ìbá bojú tó bí ó bá wà nítòsí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú yàrá oúnjẹ ilé náà gan-an ni àwọn ọmọ ti ń jẹun, nítorí náà ọ̀gá ilé ń fojú ara rẹ̀ rí ẹni tí kò jẹun àti ẹni tí ó dá jókòó sí ìkángun tábìlì. Àwọn ilé mìíràn ń lọ jẹun ní gbọ̀ngàn àjùmọ̀lò tí wọ́n ń pè ní Bekynton. Bí ẹ bá lọ wo ibẹ̀, ẹ rí i pé ẹ béèrè bí ti ilé tí wọ́n bá fi hàn yín ṣe rí, nítorí pé ìyàtọ̀ náà kò kéré.

Harrow ní ọmọ bí 830 nínú ilé 12 ńlá, tí ó fi hàn pé ọmọ tí ó wà nínú ilé kan lé díẹ̀ sí ti Eton, ó ń tó bí 70. Ní ìbẹ̀rẹ̀, méjì méjì ni àwọn ọmọ sábà máa ń pín yàrá, kí ó tó di pé wọ́n fún kálukú ní tirẹ̀ bí ó bá ti ń dàgbà sí i. Fún ọmọ tí ó ti Èkó dé, tí kò tíì mọ bí a ṣe ń wọ aṣọ òtútù, tí kò sì mọ ìtumọ̀ agogo tí ń dún, ẹnì kan tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tí ó lè dá a lóhùn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Gbogbo ilé ni ó jọ ń jẹun ní gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, Shepherd Churchill. Ọmọ tipa bẹ́ẹ̀ ń mọ àwọn ará ilé mìíràn kíákíá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá ilé kò lè wà lára àwo oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá dé Radley, èdè yí padà. Warden ni wọ́n ń pe ọ̀gá àgbà níbẹ̀, don ni wọ́n ń pe olùkọ́, Social ni wọ́n ń pe ilé ibùgbé, Tutor sì ni ẹni tí ó jẹ́ olórí Social. Wọn kò tilẹ̀ fi orúkọ ènìyàn pe àwọn ilé náà, lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bí 750, inú ọgbà kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ tó 800 éékà ni ohun gbogbo sì wà, yàtọ̀ sí Eton tí ilé rẹ̀ tàn káàkiri ìgboro àti Harrow tí ilé rẹ̀ to ara wọn lẹ́bàá títì lórí òkè. Hall ni gbogbo ọmọ ti ń jẹun. Àbùkù tí mo rí nínú ètò Radley ni pé ọmọ lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfojú kan ohun kan tí kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn mọ orúkọ gbogbo ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé ó ṣòro fún ọmọ tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì láti rìn láti Hall dé kíláàsì láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í léèrè.

Bí ẹ bá lọ síbi àbẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pin sórí ilé ìjọsìn àtijọ́ àti pápá ìṣeré. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá ọmọ tí ó wà ní ọdún àkọ́kọ́ hàn yín, kì í ṣe ti ọmọ sixth form. Ẹ béèrè ọdún tí ọ̀gá ilé yóò kúrò nípò, nítorí pé ọ̀gá ilé kì í wà títí láé, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ torí rẹ̀ yan ilé ti lọ kí ọmọ yín tó lo ọdún méjì. Ẹ béèrè pé ta ni ń bá àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú gẹ irun. Ìbéèrè kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe dáhùn rẹ̀ yóò fi hàn yín bóyá wọ́n ti ronú nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé.

Aṣọ àti eré ìdárayá

Lójoojúmọ́ ni ọmọ Eton ń wọ kóòtù dúdú onírù gígùn, wẹ́sìkóòtù àti ṣòkòtò onílà tínínrín lọ sí kíláàsì. Ọmọ Harrow ń wọ kóòtù aláwọ̀ aró àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú pẹ̀lú fìlà koríko pẹlẹbẹ tí ó sọ wọ́n di ẹni mímọ̀, tiwọn sì ni pé ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń wọ kóòtù onírù gígùn. Ọmọ Radley ń fi gáùn dúdú lé aṣọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ yunifásítì ìgbà àtijọ́. Ó yẹ kí a sọ fún ọmọ ṣáájú pé òun ni yóò máa wọ̀ ọ́ o, kì í ṣe bàbá rẹ̀ tí ó fẹ́ràn fọ́tò.

Ní ti eré, Eton ni ó ní adágún Dorney tí a ti ṣe ìdíje ìtukọ̀ Òlíńpíìkì 2012, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ọmọ níbẹ̀ máa ń yàn láàárín kíríkẹ́ẹ̀tì àti ìtukọ̀. Harrow ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tí wọ́n ń gbá nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ náà ni eré sikuáṣì ti ṣẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Radley lágbára nínú ìtukọ̀ àti rọ́gbì, ọmọ ibẹ̀ sì ni Andrew Strauss tí ó ti ṣe balógun ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ọmọ tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni ó mọ̀ kò ní ṣàìrí pápá níbikíbi nínú wọn, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ọba eré níbẹ̀.

Ìrìn àjò àti ìsinmi àárín sáà

Harrow wà ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an, níbi tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti Metropolitan line ń dé. Ẹbí tí ń gbé Lewisham, Barking tàbí Croydon lè lọ wo ọmọ lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá fún wọn láyè, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Eton wà lẹ́bàá Windsor, odò Thames nìkan ni ó wà láàárín wọn, kò sì jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow rárá, ohun tí ó dẹrùn fún òbí tí ń ti Èkó tàbí Àbújá wá. Radley wà nítòsí Abingdon àti Oxford. Ó ní ibùdókọ̀ ojú irin lábúlé Radley, ṣùgbọ́n ó gba ètò.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà àti sísúnmọ́ yìí kò parí sí ọjọ́ tí a mú ọmọ lọ àti ọjọ́ tí a mú un bọ̀. Láàárín sáà, òpin ọ̀sẹ̀ kan máa ń wà tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà, ìsinmi àárín sáà tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ sì tún wà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà ní Ìbàdàn kò lè máa wọ bàálù padà sílé ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ nìyẹn, mo ń bọ̀ wá sí orí rẹ̀. Kí òbí tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sì mọ̀ pé wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Saturday níbẹ̀, kí ó má ṣe ṣèlérí fún ìyá àgbà pé ọmọ yóò máa wá sí gbogbo òde àríyá.

Ọjọ́ orí àti ọ̀nà ìwọlé

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ òbí wa ti ń pẹ́ jù. Ọmọ ọdún 13 ni wọ́n ń gbà wọlé sí Year 9, ipele tí ó ṣe déédéé JSS 3 ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún yẹn ni a ń bẹ̀rẹ̀. Eton ń fẹ́ kí a ti forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ó tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà nígbà tí ó wà ní Year 5, ìyẹn nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ní Year 6 ni yóò ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ISEB Common Pre-Test, tí ó dá lórí ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìrònú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti pẹ̀lú àwòrán. Bí ó bá ṣe dáadáa, wọn yóò pè é fún ìdánwò Eton fúnra rẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Harrow náà ń lo ìdánwò ISEB. Bàbá tí ó bá dúró di ìgbà tí ọmọ yege Common Entrance ti Nàìjíríà kí ó tó ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ti pàdánù ọ̀nà àkọ́kọ́.

Radley gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ fún fífún ẹni tí ó tètè forúkọ sílẹ̀ ní àyè, àwọn ìdílé kan sì wà tí wọ́n ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ kété lẹ́yìn ìkómọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí ó bá ní Radley lọ́kàn má ṣe fi ọ̀rọ̀ dọ̀la.

Ilẹ̀kùn kejì ni sixth form, ní ọmọ ọdún 16. Àyè ibẹ̀ kéré gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ó ti jókòó fún GCSE tí ó sì yege dáadáa, òun ni ó kù. Ọmọ tí ó bá wọlé ní àkókò yìí yóò bá àwọn tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ọdún mẹ́ta, kò sì rọrùn láti wọ inú ẹgbẹ́ tí ó ti dì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kì í tijú, kò séwu.

Owó

Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi VAT 20% lé owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni àti owó bọ́dìn pọ̀. Nígbà tí a fi èyí kún un, owó Eton lé ní 63,000 pọ́n-ùn lọ́dún, ti Harrow àti ti Radley kò sì jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò fi jẹ́ ìdí láti yan ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Ẹ fi aṣọ, ẹ̀kọ́ orin, owó bàálù àti owó alágbàtọ́ kún un, kí ẹ sì rántí pé owó náà ń gòkè lọ́dọọdún, nígbà tí náírà kò ní dúró dè yín. Ẹni tí ó bá ń fi náírà ṣe ìṣirò ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ fún ohun tí kò lè rí.

Ìrànwọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó wà fún. Orúkọ King's Scholar nìkan kì í sọ owó di òfo. Owó tí ń wọlé fún òbí àti dúkìá tí wọ́n ní ni a fi ń pinnu iye tí wọn yóò yọ kúrò, ó sì lè dé gbogbo rẹ̀ pátá fún ẹni tí kò ní. Orwell Award ti Eton jẹ́ ti ọmọkùnrin tí ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìlú Ọba, ó sì ń san gbogbo owó ọdún méjì sixth form. Harrow ní Peter Beckwith Scholarship fún ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn tí òbí rẹ̀ kò sì lágbára. Ẹ ó rí i pé àwọn tí ó súnmọ́ ìrànwọ́ yìí jù nínú àwọn ọmọ wa ni ọmọ nọ́ọ̀sì àti ọmọ awakọ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Southwark tàbí Hackney, kì í ṣe ọmọ olówó tí ó wà ní Lẹ́kí. Ó máa ń dùn mí pé àwọn òbí wọ̀nyẹn gan-an ni kì í kọ̀wé, nítorí wọ́n gbà pé kò sí àyè fún àwọn níbẹ̀. A dá Eton àti Harrow sílẹ̀ nítorí irú wọn. Bí olùkọ́ ọmọ yín bá sọ pé orí rẹ̀ pé, ẹ kọ̀wé.

Físà àti alágbàtọ́

Ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì yóò nílò físà Child Student. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fún un ní ìwé ìgbọ̀wọ́, àwọn òbí yóò sì fi ìwé ìfọwọ́sí hàn, pẹ̀lú ẹ̀rí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ àti bọ́dìn wà ní ilẹ̀. Ẹni tí ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí ó sì san owó ìlera tí ó jẹ́ 776 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Kí ìyá tí ó ní lọ́kàn láti tẹ̀ lé ọmọ lọ mọ̀ pé físà òbí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kò kan ọmọ tí ó ti pé ọdún 12, nítorí náà kò wúlò fún ọmọ tí ń wọ Year 9.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń béèrè alágbàtọ́ tí ń gbé Ìlú Ọba bí òbí bá wà ní òkè òkun. Ní àṣà wa, a ó kàn fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ "Àǹtí" tàbí "Bọ̀dá" kan tí a jọ dàgbà ládùúgbò, a kì í sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá gbé ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, ẹni náà gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tàbí ìyá ni òfin kà sí ìbátan. Ọmọ ìjọ, ará ìlú ẹni àti ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà kò sí lára wọn, bí a tilẹ̀ jọ ń pe ara wa ní ẹbí. Òpin ọ̀sẹ̀ àti ìsinmi àárín sáà kò lè tó ọjọ́ 28. Ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà, nítorí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣètò pé kí ọmọ wá sílé nígbà náà. Bí ẹ kò bá ní ẹnikẹ́ni, àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtọ́ wà tí ẹgbẹ́ AEGIS ń yẹ̀ wò, ẹ béèrè fún ìwé ẹ̀rí wọn.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú láàárín wọn

Tokunbo Akintola, ọmọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wà lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ Eton láàárín àwọn ọdún 1960. Dillibe Onyeama, ọmọ Adájọ́ Charles Onyeama, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ní 1969. Nígbà tí ó kọ ìwé nípa ẹ̀gàn tí ojú rẹ̀ rí, ilé-ẹ̀kọ́ náà kà á léèwọ̀ fún un láti tún ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀. Ní 2020 ni ọ̀gá àgbà Eton, Simon Henderson, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. N kò sọ ìtàn yìí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àkókò ti yí padà, àwọn ọmọ wa sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí òbí béèrè lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, bí wọ́n bá fi àwọ̀ bú ọmọ mi, ta ni yóò kọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà wo ni wọn yóò sì pè mí? Ẹ retí orúkọ ènìyàn kan nínú ìdáhùn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé òfin nìkan ni wọ́n fi dá yín lóhùn, ẹ tún un béèrè.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ìjọ Áńgílíkà, lílọ sí ilé ìjọsìn sì wà nínú ètò ọ̀sẹ̀. Eton ní olùkọ́ Mùsùlùmí tí ń bójú tó àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá ń wo Harrow tàbí Radley kí ó béèrè ètò ìrun Jímọ̀ àti ààwẹ̀ Ramadan kí ó tó fọwọ́ síwèé.

Ọ̀rọ̀ fóònù tún kù. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni Eton ti fòfin de fóònù ìgbàlódé (smartphone) fún ọmọ Year 9, tí ó sì ń fún un ní Nokia kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá tí ó ti mọ́ lára láti máa fi fídíò WhatsApp rí ojú ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fi etí nìkan gbọ́ ohùn ọmọ.

Irú ọmọ wo, níbo?

Ọmọ tí ó lè dá dúró, tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa tì í, tí ó sì ní ohun kan tí ó fẹ́ jù, ìbáà jẹ́ orin, ìṣirò tàbí ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba, ni mo lè fi ránṣẹ́ sí Eton láìfòyà. Nǹkan pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí kò mọ ohun tí ó fẹ́ fi lè lo ọdún méjì láìdi ọ̀kan mú. Bí ẹbí bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́, Harrow ni mo fẹ́ jù, pàápàá nítorí yàrá tí wọ́n jọ ń pín àti ọ̀nà tí kò jìn. Radley ni mo fi sílẹ̀ fún ọmọ tí ariwo ń dà láàmú, tí ó nílò kí àgbàlagbà mọ̀ ọ́n dunjú kí ó tó lè la ẹnu. Bí a bá bi mí nípa ọmọ Èkó tí kò kúrò nílé rí, Radley tàbí Harrow ni mo máa kọ́kọ́ wò, n kò sì ní jẹ́ kí òkìkí Eton yí mi lọ́kàn padà.

Ní ti ọmọ tí ìwé ni eré rẹ̀, tí ń bi olùkọ́ ní ìbéèrè títí olùkọ́ yóò fi rẹ̀, kí òbí rẹ̀ tún yà wo Winchester. Kíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Div, tí kò ní ìdánwò ìjọba kankan nínú, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàn, ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti lítíréṣọ̀ nítorí pé ó wù wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin tí yóò bá pàdé níbẹ̀ nígbà tí ó bá dé sixth form kò lè dí i lọ́wọ́.